Ohun tí a gbé dání ni wọ́n fi mọ ọmọ wa: ìrírí mi láti Àkúrẹ́ dé Ìbàdàn

Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ń wá ránṣọ lọ́dọ̀ mi ní Ìjọ̀kà, bí wọ́n bá ti bá ọmọkùnrin mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí nígbẹ̀yìn: "Ìyá Àkànbí, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ta lẹ gbé e lọ bá?" Àwọn kan á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò kí wọ́n tó béèrè, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Ọ̀tísímù ni wọ́n ń béèrè, ìpèníjà tó ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ àti láti bá èèyàn lò; ọmọkùnrin mi ní in. Mo rò ó pé kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, torí òbí tí irú ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ lọ́kàn ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó pọ̀, wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n á ti mú un. Oríkì ọmọ náà ni mo fi ń pè é níbí. Ọmọ kejì mi ni.

Kì í ṣe àìsọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú, ìka ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kó tó pé ọdún kan àtààbọ̀, tó bá rí adìyẹ aládùúgbò, á nàka sí i, á bojú wò mí bóyá èmi náà ti rí i, á tún wo adìyẹ, á rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ fi adìyẹ ṣe nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ ká jọ wò ó ni. Àkànbí kì í nàka sí nǹkan. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ọrùn ọwọ́ mi ló máa dì mú, á wọ́ mi dé ìdí kúlà, á gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ìbòrí rẹ̀, á wá dúró. Kò ní wo ojú mi. Ọwọ́ mi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, á kó rìlì òwú mi jọ, á tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ tábìlì: funfun, funfun, pupa, pupa, dúdú. Tí ọmọ iṣẹ́ mi bá yọ ẹyọ kan níbẹ̀, igbe tó máa ké, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì á sáré dé. Kò sí ohun tó burú nínú ká to òwú, ọmọ púpọ̀ ló ń to nǹkan. Ohun tó jẹ́ kí n fura ni pé kò sí eré mìíràn tó ń fi wọ́n ṣe, àti pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀, "omi", "gbà", "bọ́ọ̀lù", ti dákẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún méjì.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí òbí má fi falẹ̀ rárá. Ọmọ tó bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà wá pòórá, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́, ẹ gbé e lọ. Bákan náà ni ọmọ tó pé oṣù 16 tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan, tàbí tó pé oṣù 24 tí kò tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ fúnra rẹ̀, bíi "gba omi" tàbí "màámi, wá".

Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn ọmọ yìí gan-an. Wọ́n á jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa pè é, "Àkànbí! Àkànbí o!" Ọmọ ò ní yíjú. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan já ọ̀rá bisikíìtì ní yàrá, eré ló máa sá dé. "Ṣé ẹ rí i? Etí ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan," ni ìyá wí. "Ìyàwó mi, fọkàn balẹ̀. Ọkọ rẹ gan-an ti tó ọmọ ọdún mẹ́ta kó tó sọ̀rọ̀ já gaara. Ọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀." Wọ́n bu omi sínú agogo, wọ́n fún un mu, kí ohùn rẹ̀ lè là. Mi ò bá wọn jà. Omi ni, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé, "Màámi, ẹ máa bá wa gbàdúrà. Èmi àti bàbá ẹ̀ á máa gbé e lọ sílé ìwòsàn." Wọ́n ní kò burú. Bí kò ṣe di ìjà láàárín wa yìí padà wúlò fún wa ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí nígbà tí dókítà ń béèrè bí bàbá ọmọ ṣe dàgbà, ta ló tún mọ̀ ọ́n bí kò ṣe ìyá tó bí i? Wọ́n bá wa lọ, wọ́n sì dáhùn gbogbo ẹ̀.

Èyí tí mo kọ̀ jálẹ̀ ni ti obìnrin kan tó ní kí a gbé e wá kí òun fi abẹ gé iṣan abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Iṣan abẹ́ ahọ́n tó kúrú lè dí ọmọ lọ́wọ́ láti mu ọmú dáadáa, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń jẹ́ kí ọmọ má dáhùn orúkọ rẹ̀.

Ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù, mo sì wádìí rẹ̀ dáadáa. Dókítà ará Ìlú Ọba kan, Andrew Wakefield, ló gbé ìwádìí kan jáde ní 1998 tó mú kí àwọn èèyàn so abẹ́rẹ́ èèyí mọ́ ọ̀tísímù. Ọmọ 12 péré ló wà nínú ìwádìí náà. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà níbẹ̀ rí i pé kò ṣe é lódodo. Ìwé ìròyìn The Lancet tó gbé e jáde fagi lé e ní 2010, wọ́n sì yọ orúkọ ọkùnrin náà kúrò lára àwọn dókítà lọ́dún yẹn kan náà. Lọ́dọ̀ wa níbí, oṣù 15 ni abẹ́rẹ́ èèyí kejì bọ́ sí, àsìkò yẹn gan-an ni òbí sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọ̀rọ̀ sísọ ọmọ. Àkókò àwọn méjèèjì ló kàn pàdé. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ du ọmọ nítorí rẹ̀.

Dókítà àkọ́kọ́ tí a rí, nílé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ pẹ̀lú wa. Ó ní ká mú un padà wá tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọkọ mi wò mí, mo wò ó. A dúpẹ́, a jáde, a sì forí lé ọ̀dọ̀ dókítà ọmọdé ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó jẹ́ ti UNIMED nígbà náà (yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó), níbí ní Àkúrẹ́. UNIMED ní ilé ìwòsàn ní ìlú Oǹdó pẹ̀lú, kò di dandan kí ará Oǹdó wọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wa.

Obìnrin ni dókítà yìí, kò sì kánjú. Ó wọn orí ọmọ. Ó béèrè bóyá ó ké lójú ẹsẹ̀ tí mo bí i, bóyá gìrì ti mú un rí, bóyá ojú rẹ̀ pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n lóòótọ́, wọ́n tiẹ̀ gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù nígbà náà. Ó ní jọ́ńdíìsì tó bá le jù lè ba iṣan tó ń gbé ohùn lọ sínú ọpọlọ jẹ́, àti pé kàfúrà tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ wà lára ohun tó ń mú un le fún àwọn ọmọ tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. (Ẹ̀yin aboyún tó ń kà á, ẹ yọ kàfúrà kúrò nínú àpótí aṣọ ọmọ lónìí.) "Nítorí náà, etí la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

Mo ní, "Dókítà, ó ń gbọ́ o, ó ń gbọ́ ọ̀rá bisikíìtì."

Ó ní ìyẹn ò tó. Ọmọ lè gbọ́ jẹnẹrétọ̀, kó gbọ́ ìlù, kó má gbọ́ ohùn tó tinrín bíi "s" àti "f". Ó lè jẹ́ etí kan ló ń gbọ́. Ó sì lè jẹ́ ojú ló fi rí ẹni tó ń já ọ̀rá.

Lẹ́yìn náà ló mú ìwé kan jáde tí wọ́n ń pè ní M-CHAT, ìbéèrè 20 fún òbí tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín oṣù 16 sí 30. Ṣé ó máa ń wo ibi tí ẹ bá nàka sí? Ṣé ó máa ń gbé nǹkan wá fi hàn yín? Ṣé ó máa ń ṣe bí ẹni ń fi fóònù sọ̀rọ̀? Tí ìdáhùn tó mú ìfura wá kò bá ju 2 lọ, wọn ò ní kọminú. Láti 3 dé 7, wọ́n á tún béèrè kúnnákúnná. Láti 8 lọ sókè, wọ́n á ní kí ẹ máa lọ fún àyẹ̀wò kíkún. Ti Àkànbí kọjá 8. Dókítà tẹnu mọ́ ọn pé ìwé yẹn kò sọ pé ọmọ ní nǹkan kan pàtó. Ẹni tó yẹ ká wò dáadáa ló ń bá wọn yàn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí òbí tẹ́tí sí. Àkànbí sùn lé mi lẹ́yìn ní gbogbo àkókò tí a fi wà lọ́dọ̀ dókítà. Kí ni dókítà fẹ́ rí lára ọmọ tó sùn? Kódà ká ní ó jí, ẹkún ni ì bá máa sun, torí kò fẹ́ràn ibi tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń kọ ohun tí mo rí sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà. Níwájú: àyà, ìdí, gígùn apá. Lẹ́yìn: ọjọ́, ohun tí Àkànbí ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó ṣe é, bó ṣe parí. Ọkọ mi náà ti ya fídíò sórí fóònù: ìgbà tí màámi ń pè é tí kò yíjú, ìgbà tó gbé ọwọ́ mi lé kúlà, ìgbà tó ń to òwú, ìgbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fò sókè tó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Dókítà wò ó, ó dá èyí tó jẹ́ ti kúlà padà, ó tún un wò. Ó ní fídíò yẹn sọ ohun tí òun ò bá fi gbogbo ọjọ́ wá lára ọmọ náà kí òun má rí. Ẹ má kàn ya ìgbà tí ọmọ ń ké nìkan. Ẹ ya oúnjẹ jíjẹ, eré, ìgbà tí inú rẹ̀ dùn. Ẹ má sọ fún un pé kó ṣe dáadáa torí fóònù. Bó ṣe rí gan-an ni wọ́n fẹ́ rí.

Dókítà kọ ìwé fún wa lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ńlá tó wà ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀ka tó ń yẹ etí wò àti ẹ̀ka tó ń rí sí ọpọlọ àti ìhùwàsí ọmọdé. Ilé-Ifẹ̀ ló yá àwọn mìíràn láti Àkúrẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n fún wa jìnnà, ṣùgbọ́n dókítà ò jẹ́ ká jókòó tẹtẹrẹ. Ó ní ká má dúró de orúkọ àìsàn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kí a máa jókòó sílẹ̀ kí ojú wa lè bá tirẹ̀ dọ́gba. Ohun tó bá mú lọ́wọ́, ká dárúkọ rẹ̀, ká dákẹ́, ká dúró dè é. Kí a kó bisikíìtì sínú ike tó mọ́ gaara tó ní ìdérí líle, kó lè rí i, kó sì nílò wa láti ṣí i. Nígbà tó bá gbé ike náà fún mi, mo máa ń sọ pé "Ṣí i", màá wá ṣí i. Ó pẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ń so bọ́tìnì mọ́ aṣọ, ó gbé ike náà lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní "Ṣí." Mo ju abẹ́rẹ́ àti aṣọ nù.

Àyẹ̀wò etí fún ọmọ kékeré kò ní ìrora rárá. Wọ́n á lẹ nǹkan kéékèèké mọ́ iwájú orí àti ẹ̀yìn etí rẹ̀, wọ́n á ti ohun tó ń dún sí i létí, ẹ̀rọ á máa ka bí ọpọlọ ṣe ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ sùn, torí náà wọ́n ní ká má jẹ́ kó sùn tó lóru, kó má sì sùn lọ́nà. A kúrò ní Àkúrẹ́ ní kùtùkùtù. A dé Ìlárá, oorun ti ń kùn ún. A dé Ìgbàrà-Òkè, orí ti ń yẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń fi omi tútù nù ún lójú, èmi ń kọrin. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún èrò ọkọ̀, ni gbogbo wọn bá gbe orin náà, títí kan awakọ̀, ó di Iléṣà. Títí di òní ni mo ń ṣàdúrà fún àwọn èèyàn wọ̀nyẹn. Nígbà tí a gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́hùn-ún, ó sùn fọnfọn, wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ tán kó tó yíra padà. Etí rẹ̀ méjèèjì dá ṣáká.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ kí a tó lọ sí Ìbàdàn. Ẹnì kan ní ibi àdáni kan ní Àkúrẹ́ ti yẹ ọmọ yìí wò. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bi í ní ajá, ife àti bàtà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó yé e. Ó wá ní ká pa Yorùbá tì, kí èdè méjèèjì má baà dà á láàmú. Ọmọ tí a ń bá sọ Yorùbá láti inú oyún!

Ní Ìbàdàn, ohun tí dókítà kọ́kọ́ béèrè ni èdè tí a ń sọ nílé.

"Yorùbá ni, mà."

"Ó dáa, òun náà la máa fi ṣe é. Màmá, ẹ̀yin lẹ máa béèrè, ohùn yín ló mọ̀."

Ó ṣí ìwé àwòrán síwájú rẹ̀. Mo ní, "Àkànbí, ajá dà?" Kò ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ tún un sọ, dókítà rọra fọwọ́ dá mi dúró. Ọmọ mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ajá. "Bàtà dà?" Kò tiẹ̀ wo ìwé, ó tẹrí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó mọ bàtà. Ṣíbí, ó mọ̀ ọ́n. Ẹyẹ, kò mọ̀ ọ́n. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, omi sì ń bọ́ lójú ọkọ mi, torí ìwé àkọ́kọ́ yẹn ti sọ fún wa pé ọmọ wa ò gbọ́ nǹkan kan yé.

Lẹ́yìn èyí ni dókítà jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó fún un ní ọmọláńgidi, ife àti ṣíbí kékeré, ó ṣe bí ẹni ń fún ọmọláńgidi lóúnjẹ. Àkànbí gba ṣíbí, ó fi ń lu ilẹ̀, ó ń tẹ́tí sí dídún rẹ̀. Dókítà fẹ́ ìfóòfó ọṣẹ sáfẹ́fẹ́, ọmọ yọ̀, ó ń lé e. Dókítà wá dé ìgò náà pa, ó gbé e fún un, ó dúró. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá á wo ojú òun láti bẹ òun. Àkànbí mú ọwọ́ dókítà, ó gbé e lé ìdérí ìgò. Kò wo ojú rẹ̀. Ohun tó ń ṣe sí kúlà wa nílé gan-an nìyẹn.

Ibi méjì ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pe nǹkan ní ọ̀tísímù. Èkíní ni bí ọmọ ṣe ń bá èèyàn lò: ojú, ìka, ọ̀rọ̀, eré àjọṣe. Èkejì ni ohun tó ń ṣe láṣetúnṣe, tàbí tó ń fẹ́ kó rí bákan náà ṣáá, tàbí bí ariwo, ìmọ́lẹ̀ àti oúnjẹ ṣe ń rí lára rẹ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti wà láti kékeré. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè gbà wò kó sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán orí ò lè sọ ọ́. Wíwò àti bíbéèrè ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí ohun tí òbí gbé dání fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó dárúkọ rẹ̀ fún wa, ọkọ mi béèrè bóyá ó máa lè lọ síléèwé. Dókítà ní á lọ, ṣùgbọ́n á nílò ìrànwọ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí á dé láti ọmọ ọdún méjì ó lé. Èmi béèrè ohun tí mo ṣe. Ó ní mi ò ṣe nǹkan kan. Ní 1943, Leo Kanner, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó rí báyìí, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ sì fi ń di ẹ̀bi ru ìyá, wọ́n ní ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ tó ló ń fà á. Irọ́ ni. Ohun tí a bí mọ́ ọmọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo sọ èyí nítorí ìyá tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn nínú ilé ọkọ lónìí, ní Àkúrẹ́ yìí: kì í ṣe ìwọ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kì í sì í ṣe èpè.

Kò sí oògùn tó ń wo ọ̀tísímù sàn. Oògùn wà fún gìrì tàbí àìróorun sùn tó bá bá a rìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ní èyí tó ń lé e lọ pátápátá, owó yín ló ń wá. Owó ọkọ̀, owó káàdì àti owó àyẹ̀wò gan-an ti tó gbé.

Ní ti èdè, olùkọ́ni-lọ́rọ̀ tí a bá pàdé níbẹ̀ sọ ọ́ ní ṣókí: kí a sọ èyí tó dùn lẹ́nu wa jù, torí òun la máa fi kọrin, tí a máa fi ṣeré, tí a máa fi bá a wí. Èdè méjì kì í fa àìsọ̀rọ̀. Yorùbá la sì ń bá a sọ.

Iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi tó wà tẹ́lẹ̀ ní ká gbé e lọ, wọ́n ní ó ń dí àwọn ọmọ yòókù lọ́wọ́. Láti 2019 ni òfin àpapọ̀ ti wà tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ìyà jẹ abirùn nítorí ìpèníjà rẹ̀, ọkọ mi sì kà á sí wọn létí, ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ fi ọmọ síbi tí wọn ò ti fẹ́ ẹ. Èyí tó wà báyìí ní olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, ní ìlú Ọ̀yọ́. Ìwé àbájáde láti Ìbàdàn ló fi ń ṣètò iṣẹ́ rẹ̀: ibi tó ń jókòó, àwòrán tó ń fi hàn án kí wọ́n tó yí iṣẹ́ padà, ìgbà tó yẹ kó jáde lọ sinmi kúrò nínú ariwo.

Nítorí náà, ẹ má kúrò níbi àyẹ̀wò láìgba ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu á fò lọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ fi ọ̀kan sílé, ọ̀kan síléèwé, torí wọ́n á tún àyẹ̀wò náà ṣe kó tó wọ pírámárì, ohun tí ọmọ nílò á sì ti yí padà. Kí ẹ sì kà á níbẹ̀ kí ẹ tó dìde, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín. Nínú tiwa, wọ́n ti kọ ọ́ pé ó ń jẹ gbogbo oúnjẹ. Mo ní, "Dókítà, rárá o, ẹ̀bà àti ìrẹsì funfun nìkan ló ń jẹ, tí ọbẹ̀ bá kàn án kò ní fọwọ́ kàn án mọ́." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó mú bírò, ó fagi lé e, ó kọ tiwa sókè rẹ̀, ó sì fi orúkọ oníṣègùn tó mọ̀ nípa oúnjẹ ọmọdé kún un.